Kẹ̀kẹ́ Tó Yẹ Olórí Ẹbí

Ṣọ́ọ̀bù kan ni, ó tóóró bí ọ̀nà ọ̀fun, kẹ̀kẹ́ sì so rọ̀ lára àjà rẹ̀ bí àdán lára igi. Oníkẹ̀kẹ́, obìnrin kan tí gíríìsì kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀, ń yí táyà kan wò nígbà tí ọkùnrin kan wọlé tí gbogbo ilé rẹ̀ ń pè ní Dáwódù. Ó kúrú, ikùn rẹ̀ sì ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ó ti wọ aṣọ àwọn agunkẹ̀kẹ́ láti ilé wá, èyí tó máa ń fún mọ́ni lára bí awọ, akoto ti wà lórí rẹ̀, ó sì ti di okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá mi," ni Oníkẹ̀kẹ́ wí. "Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín wọlé, wọ́n máa ń jí i níta."

"Òun ni mo wá rà."

Obìnrin náà wo akoto, ó wo bàtà, ó tún wo ìbọ̀wọ́ tí kò bo orí ìka. "Ẹ ti múra sílẹ̀ nìyẹn."

"Ẹni tó máa ṣe olórí, ìmúra ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Fún mi ní kẹ̀kẹ́ tó ga ju ti àbúrò mi lọ."

Oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè bí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tirẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Irú ọ̀nà wo ni wọ́n máa gùn, èyí tó tẹ́jú ni àbí èyí tó ní òkè? Ṣé ibi jíjìn ni, àbí wọ́n kàn fẹ́ máa na ẹsẹ̀ láàárọ̀? Ṣé ẹ̀yìn máa ń dùn wọ́n? Gbogbo ìbéèrè náà, ìdáhùn kan ṣoṣo ni Dáwódù ní sí i. Ọ̀nà tí àbúrò òun bá gbà ni. Ibi tí àbúrò òun bá dé, kó kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yìn kò dun òun, àbúrò ló ń dun òun.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn nígbà tó jókòó tó rò ó. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni Dáwódù ti jẹ́ olórí ẹbí. Òun ló ń ṣí ìpàdé, òun ló ń parí rẹ̀, láàárín méjèèjì, òun ló ń sọ pé rárá. Àfi ìgbà tí àbúrò rẹ̀ lọ ra kẹ̀kẹ́. Ikùn àbúrò wọlé, ojú rẹ̀ ń dán, gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ló ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí lórí fóònù, òun àti òkè kan lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé òun ló kó òkè náà síbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn àǹtí fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é fún ìmọ̀ràn. Lórí kí ni? Lórí oúnjẹ, lórí oorun, lórí ilé, lórí ọkọ. Nígbà tí wọ́n pinnu láti ta mọ́tò bàbá wọn, àbúrò ni wọ́n bi. Ẹnu mẹkáníìkì ni Dáwódù ti gbọ́.

"Ẹnu mẹkáníìkì," ló tún wí. "Ó ní, 'Ẹ kú títà mọ́tò bàbá yín o.' Mo ní, 'Èwo ni mo tà?'"

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù ẹbí pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí, èmi náà máa gun kẹ̀kẹ́. Mo ní èmi ni màá ṣíwájú."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n fi àtẹ́wọ́ ránṣẹ́. Ìyá wa pàápàá fi àtẹ́wọ́ ránṣẹ́, ìyá tó máa ń dojú fóònù dé kó má baà rí òun níhòòhò. Ẹnì kan fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ ránṣẹ́. Mo ṣì ń wádìí ẹni náà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Arábìnrin, bí n kò bá ṣíwájú ní Sátidé, ó parí. Bí wọ́n bá tún pè mí sí ìpàdé, kí n lè wá to àga ni."

Ó nàka sí kẹ̀kẹ́ dúdú kan tó ga, tó wà lókè pátápátá. Ó ní òun ti rí i, ìyẹn jọ ti àgbà.

Oníkẹ̀kẹ́ bi í bóyá àbúrò náà ga. Dáwódù ní bí òpó iná. Obìnrin náà wá ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù pé kẹ̀kẹ́ dà bí bàtà, bí ẹsẹ̀ oníkálukú bá ṣe mọ ni tirẹ̀ ṣe ń mọ. Ó ní kẹ̀kẹ́ tó tóbi ju ènìyàn lọ, kì í ṣe òun lèèyàn ń gùn, òun ló ń gbéèyàn kiri.

"Wò ó," ni Dáwódù wí, "nílé wa, àga àgbà máa ń ga ju ti ọmọdé lọ. Àwo àgbà sì máa ń fẹ̀ ju ti ọmọdé lọ."

"Ẹsẹ̀ àgbà ńkọ́, ọ̀gá mi? Ṣé òun náà gùn ju ti ọmọdé lọ?"

Dáwódù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe àgbà."

Ẹni tó bá fẹ́ tajà kì í bá ẹni tó fẹ́ rà jà. Obìnrin náà sọ kẹ̀kẹ́ dúdú náà kalẹ̀, ó fi irin kan di táyà ẹ̀yìn rẹ̀ mú kó má baà ṣubú, ó sì gbé àpótí wá. Dáwódù gun àpótí, ó gun kẹ̀kẹ́, ó gbé àgbọ̀n sókè. Nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń wá pẹ́dàlì bí ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ ibùsùn nínú òkùnkùn.

"Báwo ni ibẹ̀ yẹn?"

"Afẹ́fẹ́ ibí dáa."

"Ṣé ẹsẹ̀ yín kan pẹ́dàlì?"

"Ti ọ̀tún máa ń kàn án tí mo bá tẹ̀ sí ọ̀tún."

"Ti òsì?"

"Ti òsì ń dúró de ìgbà tirẹ̀."

Ó bi obìnrin náà bóyá kò lè kan pákó mọ́ pẹ́dàlì náà, kó nípọn díẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ní ó ṣeé ṣe, tí wọ́n bá ti kan pákó tán kí wọ́n kúkú kan àtẹ̀gùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe tí wọ́n bá dé oríta, tí ìdúró bá di dandan.

"Màá gbá ògiri mú."

"Tí kò bá sí ògiri ńkọ́?"

"Àbúrò mi máa wà níbẹ̀. Màá gbá èjìká rẹ̀ mú."

"Àbúrò yín tí ẹ máa ṣíwájú rẹ̀ yẹn?"

Dáwódù fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ ṣòkòtò tó fún pinpin náà ti há mọ́ orí ìjókòó, àpótí sì ti yẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ na ọwọ́ sí i. Dáwódù ní ẹnikẹ́ni kì í gbé àgbà. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó ń wo àjà bí ẹni tó ń ka àdán. Nígbà tó yá, ó ní òun ò sọ pé kó má gbé òun, pé ohun tí òun sọ ni pé kó má pariwo. Obìnrin náà gbá a mú lábíyá, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sọ ọmọ lẹ́yìn.

Ìgbà náà ló wọlé lọ mú kẹ̀kẹ́ mìíràn jáde. Ó kéré, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ṣe gírí.

"Ti ọmọ ta nìyí?" ni Dáwódù béèrè.

"Tiyín ni. Ó bá yín mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n yín kí wọ́n tó ṣe é."

"Kẹ̀kẹ́ tí ọmọ ilé ìwé ń gùn. Kí n gbé e dé iwájú àbúrò mi, kó bi mí bóyá mo ti jẹun àárọ̀."

Ó dágbére fún un. Ó tún akoto ṣe, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan síta.

Òtítọ́ ti dé ọjà, ó ti kùtà. Oníkẹ̀kẹ́ ká a kúrò lórí àtẹ, ó sì pàtẹ irọ́ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá wa," ló wí, ó sì mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu kẹ̀kẹ́ pupa náà bí ẹni tí kò bìkítà. "Mi ò mọ̀ pé ojúlówó olórí ẹbí ni yín. Mo rò pé olórí ẹbí lásán ni."

Ẹsẹ̀ tó wà níta dúró. "Ta ní ń jẹ́ olórí ẹbí lásán?"

"Àwọn tó máa ń béèrè kẹ̀kẹ́ gíga. Ẹni tí ipò rẹ̀ kò dá a lójú ló ń wá ibi gíga gùn. Nígbà tí ẹ ń kun ilé yín, ta ló wà lórí àkàbà?"

"Akunlé."

"Onílé ńkọ́?"

"Ó wà nísàlẹ̀."

"Kí ló ń ṣe?"

Dáwódù ronú. "Ó ń nàka."

"Ẹ ti dáhùn, bàbá wa."

Ẹsẹ̀ tó wà níta padà wọlé. Oníkẹ̀kẹ́ kò gbé ojú sókè, ó ń nu kẹ̀kẹ́ lọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kẹ̀kẹ́ gíga, kẹ̀kẹ́ àwọn lébìrà ni, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó fẹ́ fi gbogbo ọjọ́ ṣe wàhálà. Ó ní kẹ̀kẹ́ àgbà máa ń kéré, ó máa ń dì, ó sì máa ń gbọ́ràn.

"Ó máa ń gbọ́ràn?"

"Ẹ fi ìka kan tì í."

Dáwódù fi ìka kan tì í. Kẹ̀kẹ́ náà rọra yí lọ títí dé ìdí ògiri, kò sọ nǹkan kan, kò béèrè ìdí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ta mọ́tò bàbá wọn, kò tíì sí nǹkan kan nínú ẹbí náà tó dá a lóhùn báyìí. Ó lọ bá a ní ìdí ògiri, ó gùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì bá pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbìyànjú láti má jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn. Kò ṣeé ṣe fún un.

Oníkẹ̀kẹ́ ní kó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, kó sì tẹ̀ síwájú.

"Kí n tẹrí ba?"

"Díẹ̀."

"Fún ta ni?"

"Fún afẹ́fẹ́ ni. Tí ẹ bá nà ró, ńṣe ló máa tì yín padà."

"Ọmọ ta ni afẹ́fẹ́? Kí àbúrò mi wẹ̀yìn kó rí i tí mò ń forí balẹ̀ bọ̀ láti ìkángun òpópónà?"

"Kì í ṣe ìtẹríba, bàbá wa. Ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ ìdílé kì í wo òkè. Ilẹ̀ ló máa ń wò."

Dáwódù gbà láti ro ọ̀rọ̀ ìdílé. Ó tẹ̀ síwájú, ikùn rẹ̀ bá itan pàdé, ìró kékeré kan sì jáde láti ibi tí wọ́n ti pàdé.

"Ìrònú yẹn jinlẹ̀," ni Oníkẹ̀kẹ́ wí.

Ibi tó yẹ kó ti dákẹ́ nìyẹn, àmọ́ obìnrin náà ní àìsàn tirẹ̀. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́, kò lè pa ẹnu mọ́. Ó ní kí Dáwódù wo bóòtù tó di táyà mú yìí, wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ó ní kó wo irin tó gbé ìjókòó dúró, ihò ni inú rẹ̀. Ó ní ọ̀dà ara kẹ̀kẹ́ náà gan-an, wọ́n rọra fín in ni, torí ọ̀dà náà ní ìwúwo. Ó ní òun mọ ọkùnrin kan tó gé etí ike tó wà lẹ́nu ìgò omi rẹ̀, ó sì búra pé òun mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí òkè. Ojú obìnrin náà ń tàn bó ṣe ń wí. Dáwódù tẹ́tí títí ó fi parí.

"Bóòtù fúyẹ́."

"Bí ìyẹ́."

"Irin fúyẹ́, ọ̀dà fúyẹ́, ìgò omi fúyẹ́."

"Gbogbo rẹ̀ pátá."

"A jẹ́ pé èmi nìkan ló wúwo níbí."

Oníkẹ̀kẹ́ wo ikùn rẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò níbẹ̀ kíá. "Tiyín kì í ṣe ìwúwo, bàbá wa. Ọ̀wọ̀ ni."

Wọ́n gbà pé kó gùn ún wò níta. Òpópónà iwájú ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́jú, igi wà lápá kan, ilé ìfọṣọ wà ní ìkángun rẹ̀. Dáwódù gbéra, kẹ̀kẹ́ náà kọ́kọ́ mì bí ẹni tó mutí, lẹ́yìn náà ó dúró sójú kan. Ó ń lọ. Lóòótọ́, bàbá arúgbó kan tó gbé báàgì ọjà ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó bá a, ó kí i, ó sì kọjá rẹ̀, àmọ́ Dáwódù ń lọ. Ó yí padà níwájú ilé ìfọṣọ, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ sì ti dojú kọ ọ́. Nígbà tó fi padà dé, ojú rẹ̀ ti pupa ju kẹ̀kẹ́ lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbá férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń mí. Tó bá mí tán, á gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, á tún mí.

"Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yẹn," ló wí níkẹyìn, "kò ní ẹ̀kọ́ ilé."

Oníkẹ̀kẹ́ ń fi sípánà di ìjókòó, ọkàn rẹ̀ kò sí níbi ọ̀rọ̀ mọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kó sọ òtítọ́. Ó ní ẹni tó bá dá wà, tàbí tó bá wà níwájú, òun ni afẹ́fẹ́ máa ń dojú kọ. Ó ní ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa ń sá sẹ́yìn ẹlòmíràn, kí ẹni iwájú máa la afẹ́fẹ́ fún wọn.

Dáwódù dáwọ́ mímí dúró. "Tún un sọ."

"Mo ní ẹni tó wà níwájú ló ń ṣe iṣẹ́. Ẹni tó tẹ̀lé e kàn ń gbádùn ni."

"Iṣẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe, ta ló ń ṣe é fún?"

"Fún àwọn tó wà lẹ́yìn."

"Wọ́n ń sanwó fún un?"

"Rárá o."

"Ó ń làágùn?"

"Gan-an."

Dáwódù jókòó lórí àpótí. Ó yọ akoto, ó fi nu ojú, ó rí i pé akoto kì í nu ojú, ó tún un dé. "Ìránṣẹ́ ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń sunkún. "Láti ọ̀sẹ̀ yìí wá ni mo ti ń bá ọmọ yẹn du iṣẹ́ ìránṣẹ́. Ẹni tó yẹ kó máa la ọ̀nà fún mi, mo fẹ́ lọ máa la ọ̀nà fún un. Ìwọ náà sì jókòó síbí, o ń wò mí."

"Ẹ ò bi mí, bàbá wa."

Ó yọ fóònù, ó tẹ ibi ohùn, ó wẹ ọ̀fun. Ó kí gbogbo ẹbí, ó kí ìyá wọn lọ́tọ̀, ó ní kí ẹni tó bá wà nítòsí ìyá bá wọn gbé fóònù sétí. Ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ Sátidé dáadáa, òun sì ti rí i pé kò yẹ kí ìlara wọ inú rẹ̀.

"Nítorí náà," ló wí sínú fóònù, "mo yọ̀ǹda kí àbúrò mi ṣíwájú. Èmi ni mo ní kó ṣíwájú o, kì í ṣe òun ló yàn án. Èmi máa wà lẹ́yìn, níbi tí olórí ti ń rí gbogbo ẹbí."

Ó fi ránṣẹ́. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àtẹ́wọ́ ìyá dé, àtẹ́wọ́ àwọn àǹtí tẹ̀lé e. Àbúrò kọ̀wé pé òun dúpẹ́, òun ò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀. Dáwódù ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé fóònù sún mọ́ Oníkẹ̀kẹ́ kó rí i.

"Ó dúpẹ́."

"Mo rí i."

"Ẹni tí wọ́n bá fún ní iṣẹ́ ló ń dúpẹ́. Dì í fún mi, kẹ̀kẹ́ pupa yẹn ni."

Oníkẹ̀kẹ́ gba owó, ó yí kẹ̀kẹ́ náà síta fún un, ó sì dì í mú kó lè gùn ún. Gbogbo nǹkan tó fẹ́ tà ló ti tà. Àmọ́ bó ṣe ń wo ikùn náà tó ń wá àyè lórí itan, àánú ṣe é, tàbí ẹ̀rù ló bà á pé Dáwódù lè padà wá bi òun ìdí tí òun kò fi sọ. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, kí bàbá má bínú. Ó ní ẹ̀yìn yẹn ní ìwọ̀n o. Àfi kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹni iwájú pẹ́kípẹ́kí. Tí wọ́n bá fi àyè sílẹ̀ báyìí, afẹ́fẹ́ á wọ àárín, iṣẹ́ á sì padà di tiwọn.

"Ẹ̀yìn náà ni mo ṣì wà," ni Dáwódù wí. "Olórí kì í kánjú."

"Bàbá wa, tí ẹ bá jìnnà débi pé ẹ ò rí ẹnikẹ́ni níwájú mọ́, wọn ò ní máa pè yín ní olórí. Ẹni tó sọnù ni wọ́n máa pè yín."

Dáwódù ti gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì. Ó wẹ̀yìn, ó sì wo obìnrin náà pẹ̀lú àánú, bí àgbà ṣe máa ń wo ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan.

"Ọmọ mi, olórí ẹbí kì í sọnù. Tí mi ò bá rí wọn mọ́, àwọn ló sọnù."